Àròjinlẹ̀ Ọmọ Ọdún Mẹ́jọ

Níbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ Àwáwù ni ọ̀rọ̀ náà ti tún bà mí lára. Àáfà dìde, ó fi ọwọ́ nu irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní kí a bá òun tọrọ àforíjìn fún obìnrin tó lọ yìí, nítorí pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni, aláròjinlẹ̀ ni, kì í la ẹnu sí ọ̀rọ̀ tí kò bá tíì rò dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ilé ní "Àmín." Èmi kò lè ṣe é. Wọ́n rò pé ẹkún ni, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì bu omi fún mi. Ẹkún kọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni, àròjinlẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń lò ó bí ẹni ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹni tó bá ti lè dákẹ́ díẹ̀, wọn a ní aláròjinlẹ̀ ni. Nínú ilé tí èmi àti Àwáwù ti dàgbà ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ náà ní ìjókòó tirẹ̀, ó ní iye ọjọ́ tirẹ̀, ó sì ní òfin. Àwáwù nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Òun nìkan náà ló kù tó ń pè mí ní Rábì. Gbogbo àwọn tó kù nínú ilé yìí, Màmá Àgbà ni wọ́n ń pè mí, bí ẹni pé báyìí ni wọ́n ṣe bí mi.

Ilé náà kò jìnnà sí ọ̀sà. Bí a bá jí, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ohun tí à ń kọ́kọ́ gbọ́ ni ọ̀pá tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kó, kó, kó, bí àwọn apẹja ti ń ti ara wọn kúrò ní èbúté. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpè àdúrà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ikọ́ Bàbá Làwání, àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ pé bó bá ti wú ikọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, a ti mọ̀ pé ó ti ń wá bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ Sìnótù ìyàwó rẹ̀, tí wọn kì í jẹ́ kí aláìsàn sùn. Èéfín ẹja wà lára ògiri, ó wà lára aṣọ, ó wà nínú omi tí à ń mu. Iṣẹ́ èmi àti Àwáwù, ọmọ Bàbá Làwání, ni láti máa yí ẹja lórí ààrò kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà jóná, ọwọ́ wa a sì máa rùn títí di ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n á fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkàn bó o bí ẹni ń bó ìkòkò. Láàárọ̀, ẹ̀kọ àti ẹja, lọ́sàn-án, gààrí, nírọ̀lẹ́, ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́. Ọjọ́ tí ìyá mi bá wà nídìí ààrò ni à ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, nítorí ọmọ Ìpakodò ni, lápá Ìkòròdú, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ bí wọ́n ṣe ń rin ewùrà tí kò fi ní ṣù. Ẹfúnyẹmí lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé wọn. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ ẹ wá sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Mọ́ríámọ̀. Ó máa ń dáhùn sí méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí àkọ́kọ́ ló ń mú un yíjú kíákíá.

Olórí gbogbo wa ni Ìyá Èkó. Òun ló bí bàbá mi àti Bàbá Làwání. Sálámátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ń pè é ní Ìyá Èkó nítorí pé láti Èkó ni ogun ti lé òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá, nígbà tí ọba wọn bá omi sá, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Kì í sọ̀rọ̀ ìbọn, kì í sọ̀rọ̀ iná. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ nípa ọjọ́ yẹn. Ó ní ọkọ̀ méjì ló kó ilé àwọn; òun wà nínú ọ̀kan, ọkọ òun wà nínú èkejì. Wọ́n bi í pé, "Ṣé àwọn ọmọ ti pé?" Ó ní, "Wọ́n ti pé," nítorí ó rò pé Lásìsì, àbíkẹ́yìn òun, wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà rò pé ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ojú wọn kò rí Èkó mọ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ọmọ náà kò sí nínú ọkọ̀ kankan. Wọn kò rí i mọ́ títí dòní. Bó bá sọ ọ́ dé ibẹ̀, Ìyá Èkó á na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí itan, á wò ó. "Mo kàn dáhùn kíákíá ni," á wí. "Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dáhùn kíákíá."

Ibẹ̀ ni òfin ilé wa ti wá. Ọ̀rọ̀ kékeré, kí o dáhùn bí o ti fẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ tó lè gbé ènìyàn láti ibì kan dé ibòmíràn, o kò gbọdọ̀ dáhùn lọ́jọ́ náà. O máa ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó jinlẹ̀." Ìyá Èkó á wá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ fún ọ, èyí tí ẹlòmíràn kì í jókòó lé, o máa gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná níbi tí ìró omi ti ń wá, láti ọjọ́ ọjà kan dé ọjọ́ ọjà kejì, ọjọ́ márùn-ún, ni wàá sì máa lọ jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bu ọbẹ̀ fún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi ọ́ ní ohun tí o rò dé, ìwọ náà kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tàbí ojú tàbí ọwọ́ tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan. Bí ọjọ́ bá pé, lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, wàá sọ ọ́ lójú gbogbo ilé. Bí Bàbá Làwání ṣe pinnu láti fi ẹja pípa sílẹ̀ kó sì máa kó epo nìyẹn. Bí Sìnótù ṣe pinnu pé òun kò ní bá ẹ̀gbọ́n òun lọ sí Ìjẹ̀bú nìyẹn. Sùlé, ẹ̀gbọ́n Àwáwù, gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní kó lọ pọn omi. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n rò ó jinlẹ̀." Ìyá Èkó ní, "Ó dára, ọmọ mi. Gbé ìkòkò rù, kí o máa rò ó lọ sódò."

Ó máa ń ṣàlàyé fún èmi àti Àwáwù bí a bá jókòó tì í nídìí ààrò, bí ẹni ń kọ́ni ní kéwú. "Ìrònú," á wí, "adìyẹ náà ń ronú, ó ń ro ibi tí àgbàdo wà. Àròkàn ni ti ẹni tó jókòó ti ohun tó ti bàjẹ́ tí kò lè tún un ṣe mọ́. Ẹkún ló ń bí. Àròjinlẹ̀ yàtọ̀. Atukọ̀ tó bá dé ojú omi tí kò mọ̀, kí ló ń ṣe?" Àwa á ní, "Ó ń ti ọ̀pá bọ̀ ọ́." "Títí di ìgbà wo?" "Títí ọ̀pá á fi kan ilẹ̀." "Ẹ ṣeun. Ohun tó jin náà ni ilẹ̀. Ẹni tí ọ̀pá rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀, kó má tíì sọ pé òun ti rò." Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe ń fẹ́ràn ìlẹ̀kẹ̀. Ó ń wù mí kí n dàgbà kí ẹnì kan bi mí ní ọ̀rọ̀ ńlá.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, bàbá mi ti kú. Bákàrè lorúkọ rẹ̀. Ibà ló gbé e láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tí ìyá mi jáde opó, àwọn àgbà ní kí Bàbá Làwání ṣú u lópó. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, òun kò lè máa pe ẹnì kan ní àbúrò fún ọdún mẹ́wàá kí òun wá máa pè é lọ́kọ. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Ìpakodò. Èmi, ọmọ bàbá mi ni mí, èmi kò bá a lọ. Wọn kò ni mí lára. Oúnjẹ mi kò dín. Ṣùgbọ́n yàrá ọwọ́ òsì tí àwa mẹ́ta ń sùn tẹ́lẹ̀, wọ́n ń kó apẹ̀rẹ̀ ẹja sí i, èmi ń sùn lẹ́sẹ̀ Ìyá Èkó. Bí Sìnótù bá pe "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá jẹun," mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó lọ, kí n kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ bóyá ó pe èmi náà mọ́ ọn. Ó pè mí mọ́ ọn. Obìnrin rere ni Sìnótù. Ṣùgbọ́n mo máa ń dúró díẹ̀. Ilé kún, ariwo pọ̀, ó sì ń ṣe mí bíi pé ẹ̀yìn ògiri ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo ti dàgbà dàgbà, mo ti sin ọkọ, mo ti sin ọmọ méjì, mo sin Àwáwù lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ìdánìkanwà ọdún yẹn kò tíì rí ẹgbẹ́.

Nígbà ọyẹ́ ni ìyá mi dé. A ò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ewùrà lórí, ó rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun fún eruku. N kò sáré. Mo dúró. Òun ló sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ tó sáré. Nígbà tó ti mu omi tán, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Èkó, ó ní, "Ìyá, ọmọ mi ni mo wá tọrọ."

Bàbá Làwání kò jẹ́ kó délẹ̀. "Ọmọ bàbá ni ọmọ. A kì í mú ọmọ ilé fún àlejò."

"Àlejò?" Ìyá mi dìde lórí eékún. "Yàrá yẹn ni mo bí i sí, Làwání. Ìwọ ni wọ́n rán lọ pe agbẹ̀bí."

"Ó sì lọ pe alágbẹ̀dẹ," Sìnótù wí láti inú ilé ìdáná. "Ẹ̀rù bà á, ó ṣìnà, ó lọ jí bàbá alágbẹ̀dẹ. Bàbá ní ṣé irin ni aboyún náà fẹ́ bí ni."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Bàbá Làwání pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Ìyá Èkó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí.

"Ọmọ náà ní ẹnu," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká bi í."

"Ìyá, ọmọ ọdún mẹ́jọ? Kí ló mọ̀ ju àkàrà lọ?" Bàbá Làwání wí.

"Lásìsì kò tó ọdún mẹ́jọ. Ká ní ẹnì kan bi í pé, 'Níbo lo wà?' ì bá dáhùn." Ìyá Èkó nawọ́ sí mi. "Rábíátù, sún mọ́ mi. Ṣé o fẹ́ bá ìyá rẹ lọ sí Ìpakodò, àbí o fẹ́ dúró tì wá níbí? Ohun tí o bá sọ la máa ṣe."

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí mọ̀ pé mo mọ ìdáhùn mi. Kí ó tó pe "Ìpakodò" tán ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ó wà lẹ́nu mi, mo ń tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n gbogbo àgbà ilé ló ń wò mí, kò sì sí ẹni tó wò mí bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Mo tún rí ojú Ìyá Èkó, bó ṣe ń retí. Mo fẹ́ ṣe é dáadáa. Mo fẹ́ ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó jinlẹ̀."

"Háà!" Ìyá Èkó pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ àgbàlagbà! Ẹ gbọ́ ẹni tó gbọ́n ju èmi lọ!" Ó dìde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpótí rẹ̀ fún mi. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi tètè wo ìyá mi. Nígbà tí mo wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó fẹ́ gun àkàsọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá igi.

Mo jókòó lẹ́yìn ilé ìdáná, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ lórí àpótí náà. Wọ́n bu ọbẹ̀ fún mi ṣáájú Bàbá Làwání. Àwáwù ń bá mi yí ẹja tèmi mọ́ tirẹ̀ láìráhùn. Sùlé a yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, a dọ̀bálẹ̀ gbalaja, a ní, "Alàgbà Rábì, ẹ kú àròjinlẹ̀ o, ibo lẹ rò ó dé, ṣé ẹ ti rò ó dé Ìbàdàn?" Sìnótù a sì fi ìgbálẹ̀ lé e. Kò sí ohun tí mò ń rò. Ṣebí ọ̀pá mi ti kan ilẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ tì í bọ omi. Mo kàn dì í mú síbẹ̀, mò ń wo bí omi ṣe ń kọjá. Mo ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo ń ro ohùn tí mo máa fi sọ ọ́, bí ìyá mi á ṣe pariwo, bí a ṣe máa jókòó sínú ọkọ̀, èmi níwájú rẹ̀. Ìyá mi wà nínú ilé náà, ó ń sùn sáàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ ẹja ní yàrá àtijọ́ wa, ó ń bá Sìnótù gún ata. Bó bá kọjá lára mi, mo máa ń gbójú sókè wo òrùlé, kí wọ́n má baà sọ pé mo tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, tí ọjọ́ ọjà ku ọ̀la, ó ní òun fẹ́ di irun mi. Wọn kò ka ìyẹn léèwọ̀. Mo jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi òróró pa mí lórí, ó ń ya irun náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò sí ẹlòmíràn lẹ́yìn ilé ìdáná. Nígbà tó ku bí ẹsẹ̀ irun méjì, ó dúró.

"Rábì," ó wí lẹ́yìn mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo mọ òfin ilé yìí. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi gbé inú rẹ̀. Má sọ̀rọ̀. N kò ní kí o sọ̀rọ̀. Ṣáà di ìka mi mú, kí n lè mọ̀."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ gba èjìká mi wá síwájú. Òróró wà ní àtẹ́lẹwọ́ náà, àpá ẹ̀gún ẹja wà ní ìka àárín. Mo wò ó. Mo rántí pé ẹni tó wà lórí àròjinlẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tẹ̀ sí ẹnikẹ́ni kí ọjọ́ tó pé. Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀la ni, ọ̀la kò jìnnà, inú rẹ̀ máa dùn lọ́la pé ọmọ òun lè ṣe bí àgbà. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan, mo jókòó lé wọn.

Kò yára gbé ọwọ́ náà kúrò. Pẹ́pẹ́yẹ kan kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹnì kan pe Sìnótù lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fà á padà, ó nu òróró sára aṣọ rẹ̀, ó sì di ẹsẹ̀ méjì tó kù. Kò fò ọ̀kankan. Ó dì wọ́n pinpin, gẹ́gẹ́ bó ti ṣe di àwọn tó ṣáájú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni àwọn ọlọ́jà ń di ẹrù sínú ọkọ̀ fún ọjà Ẹ̀jìnrìn. Mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé "Ó dàbọ̀ o, a ó máa retí yín," mo rò pé àwọn oníṣòwò ni wọ́n ń kí. Ìgbà tí wọ́n pín oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ni mo rí i pé àwo ìyá mi kò sí níbẹ̀. Mo bi Àwáwù pé ibo ni ìyá mi wà.

"Ó ti wọ ọkọ̀," Àwáwù wí. Ó yà á lẹ́nu. "Ṣebí ìwọ lo ní kó máa lọ? Ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Èkó, ó ní ẹ ṣeun, ọmọ ti dá òun lóhùn."

Mo sáré bá Ìyá Èkó. Mo la ẹnu. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ó ku ọ̀la, ọmọ mi. Má ba iṣẹ́ rere jẹ́. Ọ̀la." Mo pa ẹnu dé. Ṣé ẹ rí i, mo ṣì gbà gbọ́ pé bí mo bá sọ ọ́ lásìkò rẹ̀, lọ́nà rẹ̀, ohun gbogbo á tọ́.

Nígbà tí wọ́n kírun àárọ̀ tán, wọ́n jókòó yí mi ká lórí ẹní. Ìyá Èkó bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo sọ ọ́ ketekete, bí mo ti fi ọjọ́ mẹ́rin kọ́ ọ: "Mo fẹ́ bá ìyá mi lọ."

Mo rí i tí Sìnótù fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Èkó ní, "Ṣùgbọ́n ó ní o ti dá òun lóhùn." Mo ní n kò sọ nǹkan kan. Mo sọ ti ìka fún wọn. Bàbá Làwání, ẹni tó ní ọmọ bàbá ni ọmọ, ni ó kọ́kọ́ dìde. Ó ń wá bàtà rẹ̀, kò tilẹ̀ wú ikọ́.

"Èmi á lé e bá. Ọjà Ẹ̀jìnrìn ni lónìí, kò tíì kúrò níbẹ̀. Rábì, dìde."

"Jókòó, Làwání," Ìyá Èkó wí.

"Ìyá, ọmọ ti sọ̀rọ̀!"

"Ìyá rẹ̀ sọ ọ̀kan, ọmọ sọ òmíràn. Bóyá obìnrin náà kò fẹ́ ẹ mọ́, tí ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi lọ. Bí o bá gbé e dé ibẹ̀ tí wọn kò gbà á ńkọ́? Bí ọ̀nà bá dí mọ́ yín ńkọ́?" Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí itan, ó wò ó. "Mo ti fi ìkánjú sọ ọmọ kan nù. N kò ní fi ìkánjú gbé òmíràn sínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó jinlẹ̀."

Òfin ilé ni. Òun fúnra rẹ̀ wá gba àpótí náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó jókòó. Ọjọ́ márùn-ún kò tó o. Ó tún bẹ̀rẹ̀ márùn-ún mìíràn. Mo máa ń lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. N kò bínú sí i nígbà yẹn. Mo ti wá dàgbà tó láti bínú, mo sì ti dàgbà kọjá ibẹ̀. Mo mọ ohun tó ń wò nínú omi. Ọkọ̀ méjì ló ń wò, tí ẹnì kan kò sí nínú èyíkéyìí. Kí ó tó dìde, àwọn atukọ̀ ti mú ìròyìn wá pé ogun ti dó ti Ìkòròdú, pé kò sí ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ tó lè kọjá Ẹ̀jìnrìn síbẹ̀ mọ́. Ìyá Èkó gbọ́ ọ, ó dìde, ó gbé àpótí wọlé. Láti ọjọ́ yẹn kò lo ọ̀rọ̀ náà lójú mi mọ́ títí tó fi kú. Bí ẹlòmíràn bá lò ó, á wò mí, á sì wá nǹkan gbé lọ sínú ilé.

Ogun lọ. Omi ṣí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi sílẹ̀ pẹ́ nínú ilé, ó máa ń di ohun tí ojú ń ti gbogbo ènìyàn láti gbé. Ẹnikẹ́ni kò bi mí mọ́, èmi náà kò sì mọ bí ọmọ ṣe ń bi àgbà. Ìgbà tí mo ti ń ró aṣọ méjì, tí wọ́n ti sin Ìyá Èkó tán, ni Bàbá Làwání jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, kò jókòó lé àpótí kankan, ó ní, "Wọ ọkọ̀." Ọjọ́ méjì la fi tu ọkọ̀. Nígbà tí a dé Ìpakodò, wọ́n ní Ẹfúnyẹmí ti kú láti ọdún tó kọjá.

Àbúrò rẹ̀, Ìyá Ṣówùnmí, ló gbà wá sílé. Ojú wọn jọra, n kò lè wò ó pẹ́. Mo sọ ti ìka fún un, mo ń sunkún, mo ní kí ó bá mi sọ bóyá ìyá mi bínú sí mi lọ. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Inú bí i dé Ẹ̀jìnrìn," ó wí. "Ó dé Ìjẹ̀dẹ́, orí rẹ̀ walé. Ó ní òun mọ àwọn ará ilé yẹn, pé ọmọ tó bá jókòó lé àpótí ìyá ọkọ òun kò lè nawọ́ sí ẹnikẹ́ni, pé òun ni òun kò ní sùúrù ọjọ́ kan. Ó ní ọjọ́ ọjà ni o máa dáhùn, wọ́n sì máa gbé ọ wá. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí Ìjẹ̀dẹ́, ó dúró. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀, á sọ̀ kalẹ̀ sínú omi dé eékún, á wo inú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ariwo ogun ló lé e wálé."

Bàbá Làwání dìde níbi tó jókòó sí, ó jáde lọ síta.

"Èmi ni mo lọ pàdé rẹ̀ léèbúté," Ìyá Ṣówùnmí wí. "Mo ní, 'Ọmọ ńkọ́?' Ó ní, 'Wọ́n ṣì ń rò ó.' Gbogbo ẹni tó bá bi í, bó ti ń dá wọn lóhùn nìyẹn. Lórí àìsàn tó pa á, mo tún bi í. Ó ní, 'Wọ́n ṣì ń rò ó.'"